Kámẹ́rà Tí Ǹ Bá Rà

Ìwọ tí o fẹ́ ra kámẹ́rà, sún mọ́ mi. Kí ẹ̀yin yòókù náà jókòó, nítorí ohun tí ọmọ yìí bi mí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dáhùn lórí ìdúró. Ó ní bí mo bá tún máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fọ́tò láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni tí kò di kámẹ́rà mú rí, alámì wo ni n óò rà? Mo ti rí ìwé tí ó mú wá láti Ìbàdàn, tí wọ́n to oríṣiríṣi kámẹ́rà sínú rẹ̀, èyí tó ń dán, èyí tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Wọ́n dára. Ṣùgbọ́n kí n tètè dá a lóhùn: Alámì Ẹyẹ ni n óò rà, kámẹ́rà onígi, onídígí, tí mo kọ́kọ́ fi ṣiṣẹ́, tí mo sì fi ọwọ́ ara mi gbé fún ẹlòmíràn nígbà tí mo rò pé mo ti gbọ́n.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ máa rín in. Mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń tà á mọ́, mo sì mọ̀ pé bí mo bá gbé e jáde sí ìta lónìí, àwọn ọmọ iléèwé á rò pé àpótí òkú ọmọdé ni. Ìyá yín àgbà gbọ́ apá kan ọ̀rọ̀ yìí kó tó lọ. N kò sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Lónìí n óò sọ ọ́.

Nígbà tí mo ń wí yìí, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó kò tíì pẹ́ ní Ọ̀yọ́. Kò sí ariwo mọ́tò àti alùpùpù tó ń dí wa létí báyìí. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ìró ìgbálẹ̀ ni ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́, láti agbo ilé dé agbo ilé, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí òòlù àwọn alágbẹ̀dẹ tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn ọjà Akẹ̀sán á bẹ̀rẹ̀ sí í dìde díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀bá ààfin, bí omi tó fẹ́ hó. Èmi náà á gbé kámẹ́rà mi lọ síbẹ̀. Mo ti gbéyàwó kí n tó lọ kọ́ iṣẹ́ náà ní Ìbàdàn, lọ́dọ̀ bàbá kan tó ti Sàró wá, ẹni tó máa ń fi ọwọ́ aṣọ ara rẹ̀ nu dígí títí ọwọ́ aṣọ náà á fi dúdú. Àgbẹ̀ ni àwọn èèyàn mi. Wọ́n wò mí bí ẹni tó lọ kọ́ iṣẹ́ àwọn iwin.

Igi pupa ni wọ́n fi ṣe Alámì Ẹyẹ, idẹ wà ní igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sì fín ẹyẹ kékeré kan sí abẹ́ ojú rẹ̀. Ó ní àpò awọ kan láàárín tó ń nà tó sì ń ká bí ewìrì alágbẹ̀dẹ. Orí ẹsẹ̀ mẹ́ta ló máa ń dúró. Èmi á wọ abẹ́ aṣọ dúdú, n óò rí ẹni tí mo fẹ́ yà lódìkejì, orí nílẹ̀, ẹsẹ̀ lókè. N óò ti dígí bọ ẹ̀yìn rẹ̀, n óò ṣí ojú rẹ̀, n óò máa kà, ẹni tó jókòó kò sì gbọ́dọ̀ mira. Mo sọ fún bàbá arúgbó kan nígbà kan pé kí ó má mira títí n óò fi ní ó tó. Mo gbàgbé láti sọ pé ó tó. Mo ti tú ẹsẹ̀ kámẹ́rà, mo ti dì í, mo ti dé ẹnu ọ̀nà, bàbá ṣì jókòó bí òkúta, omi ń dà lójú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló ní, “Baálé mi, wọ́n ti lọ o.”

Mo tún rántí ọdún Bẹ́ẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn ìlú ṣì ń ru koríko wá kí wọ́n fi bo òrùlé ààfin. Ẹ̀yin mọ pánù nìkan. Nígbà náà, koríko á kún ojú ọ̀nà, ẹ ò ní rí èèyàn, òkè koríko ni ẹ máa rí tó ń rìn, orin á sì máa ti abẹ́ rẹ̀ jáde. Mo yà á. Nígbà tí mo fọ dígí náà, nítorí pé wọn kò dúró, èèyàn kankan kò hàn níbẹ̀, àfi èéfín funfun kan tó ń kọjá lọ́nà. Mo rí i lójú ẹsẹ̀. Mo sáré padà lọ, mo bẹ àwọn mẹ́ta kí wọ́n dúró fún mi, mo sì tún un yà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń ra kámẹ́rà. Dígí kan, fọ́tò kan. O yà á, o wọ yàrá tí ìmọ́lẹ̀ kò sí, o fọ̀ ọ́, ó sì sọ fún ọ nígbà náà bóyá o ti ṣe é tàbí o kò ṣe é.

Ṣùgbọ́n ó wúwo. Ọlọ́run mọ̀ pé ó wúwo. Ẹsẹ̀ la fi ń rin Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ọjọ́ méjì gbáko bí ẹrù bá wà lórí, mo sì ń lọ síbẹ̀ dáadáa nítorí pé àwọn Gàm̀bàrí oníṣòwò obì góòrò tó wà ní Sábó fẹ́ràn fọ́tò. Ní ìgbà òjò kan, bí mo ti ń la odò Ọbà kọjá, ẹsẹ̀ mi yọ̀ lórí àpáta. N kò jẹ́ kí kámẹ́rà kan omi, ṣùgbọ́n àpótí dígí já bọ́. Gbogbo fọ́tò tí mo ti fi ọ̀sẹ̀ kan yà ní Sábó ló rún wómúwómú. Mo jókòó sí etí odò, mo ń ṣa dígí kúrò ní àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń dà, mo sì búra pé n kò ní ru igi lórí mọ́.

Bí mo ṣe lọ sí Ìbàdàn nìyẹn, tí mo rí Alámì Ìràwọ̀. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó wọ àpò gbáríyẹ̀ mi. Òun náà ní àpò awọ láàárín, ṣùgbọ́n awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, tí wọ́n fi àtè lẹ̀ mọ́ra. Kò lo dígí. Fíìmù ni, tó ká bí ẹní, fọ́tò mẹ́jọ lórí ẹyọ kan. O yà á, o yí i, o tún yà á. Kò sí ohun tó máa fọ́. Mo gbé Alámì Ẹyẹ fún oníyàwòrán kan láti Ìṣẹ́yìn, ó fún mi ní kẹ̀kẹ́ ológeere àlòkù dípò rẹ̀. Mo gun kẹ̀kẹ́ náà wọ Ọ̀yọ́, kámẹ́rà nínú àpò, mo ń súfèé. Inú mi kò tíì dùn bẹ́ẹ̀ rí.

N kò ní bú Alámì Ìràwọ̀ fún yín ju bó ṣe yẹ lọ. Ó yára, ó sì mọ́ ojú. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é kò mọ ọyẹ́ wa, wọn kò sì mọ aáyán ilé wa. Aáyán fẹ́ràn àtè yẹn bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn oyin. Ó máa ń jẹ ẹ́ láti inú, níbi tí ojú kò tó, ọyẹ́ á wá fa awọ náà ya. Ihò tí kò tó orí abẹ́rẹ́. Ìmọ́lẹ̀ á gba ibẹ̀ wọlé. Ó sì yẹ kí n mọ̀. Ọ̀gá mi ti kọ́ mi pé kí n máa tan iná sínú kámẹ́rà lóṣooṣù, kí n wò ó bóyá ó ń jò. N kò ṣe é fún èyí nítorí pé tuntun ni.

Ọdún tí àwọn òyìnbó ń bá ara wọn jagun ni, ogun àkọ́kọ́, kì í ṣe ti Hítílà tí ẹ máa ń gbọ́. Wọ́n ń fẹ́ àwọn tó máa ru ẹrù àwọn ọmọ ogun lọ sí ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Ajẹ́lẹ̀ sọ fún ọba, ọba sọ fún àwọn ìjòyè, ìjòyè sọ fún àwọn baálé, baálé sì wo inú agbo ilé rẹ̀ yíká. Ní Ìjẹ̀rù, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá aláró kan wà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ó ní ọmọkùnrin méjì. Ìyá Àkàngbé là ń pè é. Àkàngbé ni ẹ̀gbọ́n, Àlàó ni àbúrò. Àlàó ni Baálé kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀, nítorí pé òun kò tíì láya. Ṣùgbọ́n àyà Àlàó kò le láti kékeré. Bí ó bá sáré díẹ̀, ó máa ń mí bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Àkàngbé ní, “Èmi á lọ,” ó sì wọlé lọ jẹun. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi nìyẹn, pé kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo wà ní Sábó lọ́sẹ̀ náà, mo ń ya ìgbéyàwó ọmọ oníṣòwò góòrò kan tí wọ́n ń pè ní Màlámù Ìdírísù, ẹni tí mo máa ń wọ̀ sí ilé rẹ̀. Ìyá Àkàngbé fi ẹsẹ̀ rìn wá bá mi, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún ẹ̀lú títí dé ìgunpá.

Ó ní, “Oníyàwòrán, ọmọ mi ń lọ sógun lọ́la. Wá bá mi ya ojú rẹ̀ sílẹ̀.”

Mo bá a lọ. Àkàngbé jókòó sórí àpótí ní iwájú ìkòkò aró, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó dé fìlà abetí ajá aláṣọ òkè kan. Ọkùnrin gíga ni, kì í rẹ́rìn-ín púpọ̀. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́yìn mi.

“Ṣé ojú rẹ̀ máa hàn kedere?”

“Ó máa hàn, Ìyá. Ẹ máa fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ka irun ìpéǹpéjú rẹ̀.”

Mo yà á. Kò gba àkókò kankan. Àkàngbé dìde, ó ní, “Ṣé mi ò ní lè rí i kí n tó lọ? Ẹ̀yin àti kámẹ́rà ńlá yẹn, ọjọ́ kan náà lẹ máa ń fọ̀ ọ́.”

Mo ní, “Fíìmù lèyí. Ó ṣì ku mẹ́ta lórí ẹ̀. Bí mo bá ṣí i báyìí, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á ṣòfò. Ìgbà tó o bá dé, wàá rí i.”

Ó ní kò burú. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e fún ìyá rẹ̀, nítorí pé wọ́n ti ní àwọn máa fún wọn ní fìlà míràn níbi ogun. Ọ̀rọ̀ tí mo bá a sọ kẹ́yìn nìyẹn. Nítorí ibi mẹ́ta lórí fíìmù.

Mo fi mẹ́ta náà ya àwọn àlejò Màlámù, mo gun kẹ̀kẹ́ mi padà sí Ọ̀yọ́. Mo fọ̀ ọ́. Láti orí èkíní dé ìkẹjọ, ìmọ́lẹ̀ ti jò sí i. Ti àwọn ará Sábó kò já mọ́ nǹkan; wọ́n wà nílé, mo padà lọ yà wọ́n. Ṣùgbọ́n Àkàngbé ti lọ. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé síbẹ̀síbẹ̀. Láti àyà sókè, funfun ni, bí ẹni da ògì lé e. Ohun tó hàn ni ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí orúnkún, ó hàn dáadáa, títí dé iṣan ẹ̀yìn ọwọ́, àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Ara tí kò ní orí. Mo rò ó pé bí mo bá gbé irú èyí fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà lójú ogun, wọ́n á ní èmi ni mo bẹ́ ọmọ náà lórí. Mo ju fọ́tò náà àti fíìmù rẹ̀ síná. Fíìmù máa ń jó kíákíá, ẹ̀yin ọmọ. Kí n tó yọ ọwọ́, ó ti tán.

Mo wá ranṣẹ́ sí Ìyá Àkàngbé pé fọ́tò náà wà ní Ìbàdàn, pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ irú ẹ̀. Nígbà tó tún ranṣẹ́, mo ní òògùn tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ ló tán, nítorí ogun. Nígbà kẹta, n kò dáhùn. Mo yẹra fún Ògbómọ̀ṣọ́ fún ohun tó lé ní ọdún kan. Mo lọ sí Ìṣẹ́yìn láti lọ bẹ ọkùnrin tó gba Alámì Ẹyẹ lọ́wọ́ mi, kí ó jẹ́ ká jọ pààrọ̀ padà. Ó ti tà á fún ẹnì kan tó gbé e lọ sí etí òkun. Mo gbé Ìràwọ̀ fún oníṣẹ́ awọ, ó lẹ awọ ewúrẹ́ mọ́ inú rẹ̀, mo sì ń bá a lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo jókòó ní Akẹ̀sán, mo ta aṣọ tí àwọn èèyàn máa ń dúró sí iwájú rẹ̀, ni mo rí Àlàó. Eruku bò ó, ó ń mí gidigidi. Ó kí mi, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

Ó ní, “Ẹnì kan nínú àwọn tó lọ sógun ti dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti rọ. Ó ní Àkàngbé ti kú. Ìgbẹ́ ọ̀rìn ló pa á. Ó ní ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n sin ín sí, tí wọ́n sì pín ẹrù tó ń rù fún àwọn yòókù.”

“Ìyá ò tíì sunkún,” ó ń bá a lọ. “Wọ́n ní àwọn ò rí òkú, àwọn ò rí aṣọ, ta ló ní kí àwọn sunkún? Wọ́n ní fọ́tò ń bọ̀. Pé bí àwọn bá rí ojú ẹ̀, àwọn á mọ̀ bóyá ojú ẹni tó kú ni àbí ti ẹni tó ń bọ̀. Wọn kì í jẹun. Wọn ò fọwọ́ kan aró mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e fún mi kí n máa lọ.”

Mo ní, “Àlàó, kò sí.”

“Kò sí báwo? Ẹ ní ó wà ní Ìbàdàn.”

“Mo purọ́. Ó ti bàjẹ́ láti ìgbà tí mo ti yà á.”

Kò bú mi. Ì bá bú mi, ara ì bá tù mí. Ó kàn ń wo ilẹ̀, èrò Akẹ̀sán sì ń kọjá lára wa, wọ́n ń kí mi, mo ń dá wọn lóhùn. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá sí mi lẹ́nu, ọ̀rọ̀ tí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú yín sọ láé. Mo ní, “Ìwọ àti Àkàngbé jọra.”

Ó ti yé e kí n tó parí. “Ẹ fẹ́ kí n jókòó dípò òkú?”

“Kí ìyá rẹ lè sunkún ni. Kí wọ́n lè jẹun.”

“Èmi ni Baálé dárúkọ, ẹ ṣe bí ẹ ò mọ̀. Èmi ló yẹ kó wà lẹ́bàá ọ̀nà yẹn. Kí n tún wá gbé ojú ẹ̀ wọ̀?” Ó wúkọ́ títí. Nígbà tó sinmi, ó ní, “Fìlà ẹ̀ wà nílé. Inú àpótí ni Ìyá fi sí. Màá mú un láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀.”

Ẹ̀yìnkùlé Màlámù Ìdírísù ní Sábó ni mo ti yà á, lọ́sàn-án, oòrùn wà lókè dáadáa. Ó jókòó bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe jókòó, ọwọ́ lórí orúnkún, fìlà náà lórí. Mo ní kí ó gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, nítorí pé Àkàngbé kì í tẹrí ba. Ó gbé e sókè. Mo yà á lẹ́ẹ̀kan, mo ṣí fíìmù náà lójú ẹsẹ̀, méje yòókù ṣòfò, n kò bìkítà mọ́. Mo fi ẹní àti aṣọ dí fèrèsé yàrá kan ní ilé Màlámù, mo sì fọ̀ ọ́ níbẹ̀. Ó jáde. Kò sí àbàwọ́n kan lára rẹ̀. Fọ́tò tó dára jù tí Alámì Ìràwọ̀ yà fún mi rí nìyẹn.

Ní ọjọ́ kejì, mo gbé e lọ sí Ìjẹ̀rù. Àlàó kò wọlé tọ̀ wá, ó dúró síta. Ìyá Àkàngbé fi aṣọ nu ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà á. Ó gbé e sún mọ́ ojú. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó gbé e lé itan, ó sì bú sẹ́kún, igbe tó ti wà nínú rẹ̀ láti bí oṣù mélòó kan. Àwọn obìnrin agbo ilé sáré wọlé, wọ́n dì í mú, àwọn náà ń sunkún. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí wọn kú àfẹ́kù ọmọ, mo jáde. Bí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ, mo ń sọ fún ara mi pé oore ni mo ṣe. Wọ́n ní ó jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo di ìyẹn mú.

Nígbà tí ogun náà fẹ́ parí ni àrùn yẹn dé. Ẹ̀yin kò mọ ọ́n, ẹ má sì mọ irú rẹ̀. Ibà àti ikọ́ ni, ó máa ń mú ẹni tó le ju arúgbó lọ. Ẹni tó jí ní ọjọ́ Ajé tó ń lọ oko, wọ́n lè ti sin ín kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ohùn Akẹ̀sán wọlẹ̀. Ẹ ò lè gbọ́ òòlù alágbẹ̀dẹ. Ìgbálẹ̀ pàápàá kò dún, nítorí pé àwọn obìnrin tó ń gbálẹ̀ ti dùbúlẹ̀. Ní agbo ilé tiwa níbí, ọmọ mi obìnrin àkọ́kọ́ wà nínú àwọn tí a sin. Mo ya fọ́tò rẹ̀ kí a tó gbé e lọ. N kò wò ó láti ìgbà náà.

Ìgbà tí àrùn náà ti ń rọlẹ̀ ni Ìyá Àkàngbé dé ẹnu ọ̀nà mi. Ó ti fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà ọjọ́ méjì, òun nìkan. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kí ó jókòó, ìyàwó mi bu omi fún un. Kò mu ún. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú fọ́tò náà jáde.

Ó ní, “Àlàó ti lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣàìsàn.”

Mo ní, “Ìyá, ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ kú ìrọ́jú.”

“Mo wá nítorí fọ́tò ẹ̀ yìí.”

Mo wò ó. “Ṣé kì í ṣe ti Àkàngbé ni?”

“Oníyàwòrán,” ó ní, ohùn rẹ̀ kò ga rárá, “ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni? Wo ẹsẹ̀ ẹ̀. Láti kékeré, bí ẹ̀rù bá ti ń ba Àlàó, ńṣe ló máa ń ká ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọnú. Mo rí i kí n tó wo ojú. Mo mọ̀ nígbà náà pé ti Àkàngbé ò sí. Ohun tó pa mí lẹ́kún lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Mi ò sọ fún Àlàó pé mo mọ̀. Ó rò pé òun ṣe é fún mi, mo sì jẹ́ kó máa rò bẹ́ẹ̀ títí ó fi kú.”

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo bẹ̀ ẹ́. Kò sọ pé òun dárí jì mí, kò sì sọ pé òun kò dárí jì mí. Ó dúró títí mo fi dákẹ́, ó wá ní, “Ti Àkàngbé yẹn, kí ló hàn níbẹ̀? Ṣé kò sí nǹkan kan rárá?”

Mo ní, “Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Àti ẹsẹ̀ kan.”

“Níbo ló wà?”

“Mo jó o, Ìyá.”

“Ọwọ́ ẹ̀ nìkan,” ó ní, “ì bá tó mi.”

Ẹ̀yin ọmọ, mo ti pẹ́ láyé. Mo ti gbọ́ èébú, wọ́n sì ti nà mí rí. Kò sí ọ̀rọ̀ tó wọ̀ mí lára bíi ìyẹn. Bí Alámì Ẹyẹ bá wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tí mo ya Àkàngbé, ǹ bá ti wọ yàrá lọ fọ dígí rẹ̀, ǹ bá ti rí i pé kò dára, ǹ bá sì ti padà jáde wá bá a níwájú ìkòkò aró pé kí ó tún jókòó. Nítorí náà, ìwọ ọmọ, má bi ẹni tó ń ta kámẹ́rà bóyá ó fúyẹ́. Bi í pé, bí mo bá ṣe é tì, ìgbà wo ló máa sọ fún mi?

Ó ku ohun tí Ìyá Àkàngbé torí rẹ̀ wá. Ó na fọ́tò náà sí mi. “Fìlà yìí kì í ṣe tiẹ̀,” ó ní. “Ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé fìlà ẹlòmíràn ló wà lórí ọmọ mi nínú fọ́tò kan ṣoṣo tó ní láyé. Bá mi ṣí i kúrò lórí ẹ̀.”

Mo ṣàlàyé fún un. Mo ní kò sí bí mo ṣe lè ṣe é, pé ohun tó wà lábẹ́ fìlà, kámẹ́rà kò rí i, èmi náà kò sì lè rí i. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ó gba fọ́tò náà padà, ó gbé e lé itan, ó fi èékánná àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láti etí dé etí, níbi tí fìlà ti pàdé iwájú orí, ó sì ká a sẹ́yìn. Ìwé fọ́tò ìgbà náà nípọn. Ó ró bí igi gbígbẹ tó ṣẹ́. Ojú Àlàó nìkan ló kù, pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Ó tó báyìí,” ó ní.

Ó dì í mọ́ etí ìró, ó dìde. Mo fẹ́ sìn ín, ó ní kí n má ṣèyọnu.

Bó ṣe ká a náà ló ṣe wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí òun náà kú, mo lọ sí ìsìnkú rẹ̀ ní Ìjẹ̀rù, mo dúró lẹ́yìn èrò. Fọ́tò náà ti já lójú ibi tó ká. Àwọn obìnrin agbo ilé mú èyí tí ojú wà lára rẹ̀, wọ́n fi sí i láyà kí wọ́n tó dì í. Apá tó ní fìlà, kò sí ẹni tó mọ ibi tó wà.